Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìtànṣán àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀, ní Ìlú Parakou

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, ẹ̀yin àáfáà àti àlùfáà, ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ fi ọjà Arzèkè sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò mú owó wọlé, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ṣakí, ọmọ Èjìgbò, ẹ̀yin ọmọ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, àti ẹ̀yin ará Ìbàrìbá tí ẹ ni ilẹ̀ tí gbogbo wa fi ṣe ilé, mo júbà yín kí n tó la ẹnu. Láti 1936 tí ọ̀nà ojú irin ti wọ ìlú yìí, òwò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa bá dé ibí, òwò náà ni ó sì so wá pọ̀ títí di òní. Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ òwò bí ẹ ti lè rò, nítorí pé ẹ̀pà àti àgbàdo tí a ń kó sínú àpò, tí a ń dì sórí ọkọ̀ lọ sí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Èkó, wà lára àwọn tí a ó pè lẹ́jọ́ kí ìjókòó yìí tó tú.

Ẹ̀dọ̀ ni mo wá rojọ́ rẹ̀: ẹ̀dọ̀, alágbàṣe tí kì í sùn, asẹ́-oró-kúrò-lẹ́jẹ̀, apèsè òróòro fún oúnjẹ, ẹ̀yà ara tí ó wúwo tó kílò kan ààbọ̀ tí ó sì fara pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, èyí tí àwọn àgbà ń dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń pàrọwà fún oníbìínú pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Àbùkù kan ni ẹ̀dọ̀ ní, inú ìwà rere rẹ̀ sì ni àbùkù náà ti wá: kì í ráhùn. Bí eyín bá ń dun ènìyàn, gbogbo agbo ilé ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀ gan-an kò ní iṣan tí ń jíṣẹ́ ìrora, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bò ó ni ó ní in, nítorí náà ni kókó jẹjẹrẹ fi lè wà nínú rẹ̀, kí ó tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ó tó 5, kí ẹni tí ó gbé e sínú máa lọ oko kí ó sì máa bọ̀, kí ó máa jó níbi ìgbéyàwó, kí ó máa gbààwẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, títí kókó náà yóò fi dàgbà débi tí yóò na awọ yẹn tantan. Ìgbà náà ni ìrora yóò dé, ni ikùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún omi, ni ẹran ara yóò máa gbẹ, ni ẹyinjú yóò di àwọ̀ ìyeyè, ni àwọn ará ilé yóò sì máa wí láàrin ara wọn pé ayé ni ó ṣe é. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé; kí a tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó ti jẹun pẹ́.

Ní 2022, nǹkan bí 866,000 ènìyàn káàkiri ayé ni a rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára wọn, nǹkan bí 758,000 ni ó sì pa ní ọdún kan náà. Ẹni tí ó bá gbé iye méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i pé àrùn yìí kì í sábà dá ẹni sí. Ṣùgbọ́n kò rí bákan náà níbi gbogbo, ibi tí ó sì ti yàtọ̀ yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí wà. Àwọn onímọ̀ kan kó àkọsílẹ̀ 2,566 aláìsàn jọ láti orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, láti 2006 sí 2016. Nàìjíríà, Gánà àti Côte d'Ivoire wà nínú wọn, Íjíbítì náà sì wà nínú wọn. Ní Íjíbítì, ìdajì àwọn aláìsàn náà lo ju oṣù 10 lọ lẹ́yìn tí a ti dá àrùn náà mọ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè 8 yòókù, ìdajì wọn ti papò dà kí oṣù 3 tó pé. Àwọn tiwa yìí kì í sì í ṣe arúgbó: ẹni tí ó wà láàrin méjì nínú wọn bí a bá tò wọ́n ní ọjọ́ orí jẹ́ ẹni ọdún 46, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé ìwé, tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé láti sunkún rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀dọ̀ ará Íjíbítì nípọn ju tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni dókítà ti ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ nítorí àrùn mẹ́dọ̀wú, nítorí náà a bá kókó náà nígbà tí ó ṣì kéré, ohun tí a ó fi bá a jà sì wà nítòsí. Tiwa dé ilé ìwòsàn nígbà tí ìrókò ti di ìrókò.

Kí ni ó ń fa àrùn náà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa? Ohun méjì ni ó ta yọ. Èkíní ni kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn mẹ́dọ̀wú B, èyí tí Baruch Blumberg, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, rí ipa rẹ̀ ní 1965 nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà kan, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 254 ènìyàn ni kòkòrò yìí ń bá gbé ní 2022. Bí àgbàlagbà bá kó o, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e jáde. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tuntun bá kó o lára ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, nǹkan bí 90 nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà, àti nínú ìbálòpọ̀, àti lójú abẹ tí a fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni mẹ́wàá láìpààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe nínú àwo tí a jọ ń jẹun ni a ti ń kó o, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán kí ó lọ ya ṣíbí ìyàwó rẹ̀ sọ́tọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, èyí tí ó sì yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ gbà kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ lẹ́yìn tí a bí i.

Èkejì ni ohun tí ń bu lára ẹ̀pà àti àgbàdo. Ní 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ju 100,000 tòlótòló lọ tí wọ́n kú láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa wọ́n, kí a tó tọ ipa rẹ̀ dé inú oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà ilẹ̀ Brazil ṣe fún wọn: olú tíntìntín kan ti hù lára ẹ̀pà náà, ó sì ti tu oró sí i lára. Oró náà ni a ń pè ní áfílátọ́sììnì. Iná àrò kì í pa á tán. Bí ó bá pàdé mẹ́dọ̀wú B nínú ẹ̀dọ̀ kan, ìyà tí àwọn méjèèjì jọ fi ń jẹ ẹ̀dọ̀ náà ju àròpọ̀ ìyà tí olúkúlùkù ìbá dá fi jẹ ẹ́ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni mo ń sọ, kí ó gbọ́ èyí: ní 2002 ni a tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí a ṣe lára ẹ̀jẹ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ 480 ní orílẹ̀-èdè Benin tiwa yìí àti ní Togo, a sì bá àmì oró náà nínú ẹ̀jẹ̀ 99 nínú 100 wọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Ẹ̀pà tí ó ti bu tí a ṣà sọ́tọ̀ nítorí pé oníbàárà kò ní í rà á, tí a wá lọ̀ ọ́ mọ́ kúlíkúlí tàbí mọ́ ẹ̀kọ ọmọ nílé, kì í ṣe ìṣọ́wóná bí a ti ń pè é.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ìtànṣán gan-an, èyí tí ìwé ìpè yín sọ pé mo wá ṣàlàyé. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 1895 ni Wilhelm Röntgen, ní ìlú Würzburg ní Jámánì, rí ìtànṣán kan tí ń la ẹran ara kọjá tí ó sì ń fi egungun hàn. Kò sì pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi ṣàkíyèsí pé ìtànṣán tí ó lè fi inú ara hàn lè pa ohun tí ń bẹ nínú ara pẹ̀lú. A fi wo jẹjẹrẹ ọmú, ti ojú ilé ọmọ, ti ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹ̀dọ̀, ọwọ́ àwọn oníṣègùn wálẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: bí a bá tan ìtànṣán sí odindi ẹ̀dọ̀ kọjá nǹkan bí 30 Gray, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán, ẹ̀dọ̀ náà a dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì lè kú, nígbà tí iye yẹn kò tíì tó láti pa kókó tí a torí rẹ̀ wá. Ta ni yóò sun ilé nítorí eku? Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọdún fi kọjá tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn pé ìtànṣán kò bá ẹ̀dọ̀ ṣe.

Ìlú Stockholm, ní Sweden, ni èrò yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Dókítà Lars Leksell ti fi lélẹ̀ níbẹ̀ láti 1951 pé a lè darí ọ̀pọ̀ ìtànṣán tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìhà púpọ̀ kí wọ́n pàdé ní ojú kan ṣoṣo nínú ọpọlọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Henric Blomgren tí í ṣe dókítà àti Ingmar Lax tí í ṣe onímọ̀ físíìsì, ní ilé ìwòsàn Karolinska, mú ọgbọ́n náà kúrò ní orí wá sí àyà àti ikùn. Ẹ wo oríta tí ọ̀nà oko mẹ́wàá ti pàdé: ẹsẹ̀ àgbẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń tẹ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, koríko sì ń hù níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n lójú oríta gan-an, níbi tí gbogbo ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́, koríko kì í hù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀dọ̀ tí ó yí kókó náà ká ṣe ń gba díẹ̀díẹ̀ lára ìtànṣán kọ̀ọ̀kan, tí kókó náà sì ń gba gbogbo rẹ̀ pọ̀. A kò sì pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mọ́ bí a ti ń ṣe fún jẹjẹrẹ mìíràn: ìgbà 3 sí 5 ni aláìsàn sábà máa ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, láìsí abẹ, láìsí oògùn akunilóorun, a ó sì ti parí.

Ìṣòro tí ó ta kókó jù níbẹ̀ ni èémí. Ẹ̀dọ̀ kì í dúró lójú kan. Ìgbàkígbà tí ènìyàn bá mí sínú, ó ń sún wálẹ̀, bí ó bá mí síta, ó ń padà sókè, ìrìnàjò rẹ̀ sì lè tó sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré nígbà tí kókó tí à ń lépa kò ju 3 lọ. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń tẹ ikùn aláìsàn mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí èémí rẹ̀ má baà jìn, tàbí kí wọ́n kọ́ ọ láti sé èémí rẹ̀ nígbà tí ìtànṣán bá ń ṣiṣẹ́, tàbí kí wọ́n fi hóró góòlù wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kókó náà kí ẹ̀rọ lè máa rí ibi tí ó wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi: irin ni ẹ̀rọ náà, owó sì lè ra irin, ṣùgbọ́n onímọ̀ físíìsì tí yóò ṣírò ọ̀nà tí ìtànṣán yóò gbà, àti òṣìṣẹ́ tí yóò fi sùúrù kọ́ àgbẹ̀ kan láti Nikki bí a ti ń sé èémí, ní èdè tí àgbẹ̀ náà gbọ́, àwọn ni ó ṣòro jù láti rí.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́, bí kókó bá kéré. Ní Korea, wọ́n mú aláìsàn 144 tí jẹjẹrẹ tún yọ sí ẹ̀dọ̀ wọn, tí kókó wọn kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 3, wọ́n tan irú ìtànṣán kan tí à ń pè ní próótọ̀n sí apá kan lára wọn, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gígùn oníná jó kókó ti apá kejì láti inú. Lẹ́yìn ọdún 2, ìtànṣán kò rẹlẹ̀ sí abẹ́rẹ́ iná rárá ní dídá kókó náà dúró. Ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n fi ìtànṣán tí mo ṣàpèjúwe lẹ́ẹ̀kan yìí díje pẹ̀lú abẹ́rẹ́ iná lára aláìsàn 166 tí kókó tiwọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ìtànṣán sì borí ní dídá kókó náà dúró lójú ibi tí ó wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye àwọn tí ó wà láàyè ní apá méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Bí oníṣẹ́ abẹ bá lè gé kókó náà kúrò tí ẹ̀dọ̀ tí ó kù sì lágbára, iṣẹ́ abẹ ṣì ni àgbà. Bí kókó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ẹ̀jẹ̀ tí ń sàn yóò máa gbé ooru abẹ́rẹ́ iná lọ, iṣẹ́ náà kò sì ní í pé; ibẹ̀ ni ìtànṣán ti wúlò jù, nítorí pé kò bìkítà fún ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àpòlúkù tàbí ìfun ni kókó fara tì, ìtànṣán ni yóò fà sẹ́yìn, kí ó má baà dá ojú egbò sí ìfun. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gbagidi, tí ikùn rẹ̀ ti kún, tí ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, kò sí ìtànṣán kankan tí a lè tan sí kókó rẹ̀ kí ó wò ó sàn, nítorí pé ẹ̀dọ̀ tí ó yẹ kí ó ru ẹrù náà ti wó. Ohun kan wà tí a lè ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀: ní Kánádà, a fún àwọn aláìsàn tí ìrora ẹ̀dọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sùn ní 8 Gray péré, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí oṣù kan sì pé, nǹkan bí 2 nínú 3 wọn sọ pé ìrora náà ti rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tó 1 nínú 4 tí ó rí ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí a kò tan ìtànṣán sí. Àìsàn ni ó ṣe é wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn sùn lóru kí ọlọ́jọ́ tó dé, èyí náà jẹ́ ìtọ́jú.

Ẹ̀yin tí ẹ ó sì máa tọ́jú ènìyàn yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kókó tí a tan ìtànṣán sí kì í pòórá lọ́jọ́ kejì. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, bẹ́ẹ̀ ni ó ti kú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń gbé aláìsàn wọn kúrò nílé ìwòsàn nítorí èyí, tí wọ́n gbé e lọ sídìí àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ni yóò sì sẹ́ gbogbo rẹ̀. Bákan náà, kókó ni ìtànṣán pa, kì í ṣe mẹ́dọ̀wú. Oògùn tenofovir tí ń kápá kòkòrò náà kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró.

Níbo wá ni ẹ̀rọ náà wà? Èkó wà lára àwọn ibi tí orúkọ wọn ti hàn, níbi tí a ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ ìgbàlódé kan ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, ní 2019. Accra náà ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì 2022, ní Addis Ababa, Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́míìkì dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rays of Hope, nítorí pé ó lé ní 20 orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí kò ní ẹ̀rọ onítànṣán kan ṣoṣo nígbà náà, Benin sì wà lára àwọn 7 tí a kọ́kọ́ mú. Mo yọ̀ sí i, ẹ̀yin náà ẹ yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá tilẹ̀ dé Kútọnu, Kútọnu ju 400 kìlómítà lọ sí ibi tí mo dúró sí yìí, ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ láyé kò sì ní í ṣe ju ìtùnú lọ fún ẹni tí ó bá fi kókó sẹ̀ǹtímítà 12 rin ìrìnàjò náà. Bí a bá mú mi sí ìgbìmọ̀ tí yóò ná owó náà, n kò ní í fi ẹ̀rọ onítànṣán ṣe àkọ́kọ́. Skáànù ni n ó kọ́kọ́ rà, èyí tí àwọn dókítà wa níbí ń pè ní ẹkógíráfì, tí à ń fi wo oyún: n ó fi ọ̀kan sí Tchaourou, ọ̀kan sí N'Dali, ọ̀kan sí Nikki, pẹ̀lú ẹni tí ó mọ ẹ̀dọ̀ wò.

N kò ti orí ara mi sọ ọ́. Ní Shanghai, a pín 18,816 ènìyàn tí mẹ́dọ̀wú B wà lára wọn tàbí tí ó ti ṣe wọ́n rí sí apá méjì. A ń fi skáànù àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo apá kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, a sì fi apá kejì sílẹ̀ bí ó ti wà. Ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi 37 nínú 100 dín ní apá tí a ń ṣọ́. Àwọn ará Shanghai wọ̀nyẹn kò ní ara irin. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni wọ́n jà, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ. Bí a kò bá ń wá kókó kékeré, a kò lè rí kókó kékeré, ẹ̀rọ onítànṣán yóò sì jókòó sínú yàrá rẹ̀ bí àlejò tí a kò gbé oúnjẹ fún.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn mí láti sọ yìí, ó lè dun àwọn kan nínú wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ni ó kún ìlú yìí, mo sì ń bu ọlá fún wọn, nítorí pé nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, kì í pẹ́ tí owó fi ń jáde: owó ọkọ̀ tí yóò gbé òkú lọ sílé, owó aṣọ, owó ìrẹsì. Mo bẹ yín kí a yọ díẹ̀ nínú owó yẹn nígbà tí ẹni náà ṣì ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan san owó àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn ìyàwó ilé, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá ní in, tí kò sì tíì gba abẹ́rẹ́, kí ó gbà á. Ẹni tí ó bá ní in, kí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Borgou-Alibori rí i, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ skáànù ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ ka orúkọ ẹnikẹ́ni sókè nínú ìpàdé. Iye owó nìkan ni kí ó kà. Àwọn ìyálọ́jà tí ń ra ẹ̀pà láti oko, kí wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n máa sá a gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í, kí èyí tí ó bá bu sì di ohun tí a sun níná níwájú gbogbo ayé.

Mo mú ìwé pélébé wá tí a kọ orúkọ àyẹ̀wò náà sí ní Yorùbá, ní Bàrìbá, ní Dendi àti ní Faransé, kí ẹni tí ó bá dé ojú fèrèsé ilé ìwòsàn má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú ohun tí yóò béèrè. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà yóò wà níbẹ̀ títí di àkókò ìrun Àsárì fún ẹni tí ó bá ní ìbéèrè tí kò fẹ́ bi mí níwájú àwùjọ.